Lẹ́tà sí àwọn teegunteegun ìlú Òṣogbo, nítorí orúnkún tó ń wú láìṣubú

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin teegunteegun tí ẹ wà ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ará ìlú.

Aránṣọ ni mí ní Àlékùwódò. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n èmi mọ iṣẹ́ yín láti kékeré. Nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi já lulẹ̀ látorí ọ̀pẹ, apá rẹ̀ ọ̀tún sì dá. Ọ̀kan nínú yín, tó ti dolóògbé báyìí, ló wá sílé wa. Ó ní kí wọ́n mú àkùkọ kan wá, ó dá a lẹ́sẹ̀, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹsẹ̀ náà, ó sì fi ọparun tí wọ́n là pẹlẹbẹ di apá bàbá mi. Èmi ni mò ń fún àkùkọ yẹn lọ́kà jẹ. Lọ́jọ́ tó fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ dáadáa tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn abo kiri ẹ̀yìnkùlé, bàbá yẹn ní kí bàbá mi gbé ife omi. Ó gbé e. Apá yẹn ló fi gun ọ̀pẹ títí ó fi darúgbó. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo wá fi yín wọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ ò mọ nǹkan kan, eegun rẹ̀ kò tíì dá rí ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi tí n kò lè gbé mì. Orúnkún ọmọ mi ni.

Ọmọ ọdún 15 ni nígbà náà, bọ́ọ̀lù kò sì jẹ́ kó jẹun. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ó ń jí lóru. Mà á gbọ́ ìró àpótí tó ń wọ́ lẹ́bàá dúrọ́ọ̀mù omi. Bí mo bá jáde, mà á bá a tó na ẹsẹ̀ òsì gbọọrọ, tó gbé ọ̀rá omi tútù lé orúnkún. "Mọ́mì, ó ń ta mí ni." Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún sá lọ sí pápá. Mo ní bọ́ọ̀lù ni. Bàbá rẹ̀ ní eegun tó ń dàgbà ni. Oníkẹ́míìsì tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi fún wa ní oògùn ìrora. Á dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan, á tún gbé e dé. Àbúrò ìyá mi ní àfi bí ó bá jẹ́ arọmọléegun, ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. A yẹ̀ ẹ́ wò, AA ni.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, sòkòtò yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ kò kọjá orúnkún òsì mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kí n tú ojú rírán, kí n fi aṣọ lé e. Kí n tó rán an padà, mo fi téèpù wọn orúnkún méjèèjì bí mo ti ń ṣe fún oníbàárà. Ọ̀tún jẹ́ íǹṣì 13. Òsì jẹ́ íǹṣì 14 àbọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n mi, ojú ewé kan náà pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó tí mò ń rán lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ti di 15. Ẹ wá wò ó: èmi tí mò ń wọn èèyàn láàárọ̀ lálẹ́, tí téèpù ń sọ̀rọ̀ sí mi létí, ohun tí mo rò kò ju pé ká wá ẹni tó máa bá wa fọwọ́ pa á.

Ẹni tí a gbé e lọ kì í ṣe oníjìbìtì. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó tẹ orúnkún náà síwá sẹ́yìn, ó ní eegun ti yẹ̀, bọ́ọ̀lù ló yẹ̀ ẹ́. Ó fi òrí àti àdí pa á, ó fà á, ọmọ mi ké. Ó sín gbẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án yí i ká, ó sì fi ọparun dì í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi ń lọ, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ìwé ìwọ̀n mi ṣì wà níbẹ̀: 15, 16, 16 àbọ̀, 17. Awọ orúnkún náà ń dán bíi pé epo wà lára rẹ̀, ó gbóná sọ́wọ́, iṣan sì là sára rẹ̀ bí gbòǹgbò igi tó hù sórí ilẹ̀. Ọmọ mi rù títí bẹ́líìtì rẹ̀ fi ń fẹ́ ihò tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò ṣubú, kò sì sí ẹni tó tì í. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nínú pálọ̀, mo gbọ́ ìró kan bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Eegun itan rẹ̀ ni.

Ìgbà náà la tó ya fọ́tò eegun, èyí tí wọ́n ń pè ní X-ray.

Dókítà gbé fíìmù náà sójú fèrèsé. Ẹ̀yin lẹ mọ eegun jù mí lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tí mo rí. Eegun itan tó yè a máa funfun, etí rẹ̀ a sì máa gún régé. Ti ọmọ mi, láti nǹkan bí ìka mẹ́rin sókè orúnkún, etí ọ̀hún ti parẹ́. Inú rẹ̀ rí jágajàga bí igi tí ikán ti jẹ. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì yọ láti ara eegun wọnú ẹran, bí ìtànṣán oòrùn tí ọmọdé yà sínú ìwé. Dókítà ní eegun ni àwọn ìlà yẹn náà, eegun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó wá yíjú sí mi: "Màmá, ta ló ti ń fọwọ́ pa á?" N kò dá a lóhùn.

Osteosarcoma lorúkọ tí wọ́n pè é. Jẹjẹrẹ eegun ni. (Eegun ni mo kọ o, kì í ṣe eégún; ẹnì kan nínú ẹbí wa ti fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ eégún.) Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín láti ibí yìí lọ, béèrè ni mo béèrè títí mo fi mọ̀ ọ́n. Ó débi pé àwọn nọ́ọ̀sì ń pè mí ní Ìyá Oníbéèrè.

Eegun kì í ṣe òkúta. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ òkúta ni, kì bá tí jinná lábẹ́ ọparun yín. Ohun tó ní ẹ̀mí ni, ó ń wó ara rẹ̀, ó sì ń tún ara rẹ̀ mọ lójoojúmọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ tiwọn dà bíi ti bíríkìlà. Nínú jẹjẹrẹ yìí, bíríkìlà kan á ya wèrè. Kò ní gbọ́ ti onílé mọ́, á kàn máa mọ ògiri kiri, á sì máa bí àwọn wèrè bíi tirẹ̀. Wọ́n á mọ ọ́n sínú mùdùnmúdùn, wọ́n á mọ ọ́n jáde sínú ẹran. Bó bá pẹ́, díẹ̀ nínú wọn á wọnú ẹ̀jẹ̀, ibi tí wọ́n sì sáábà máa ń kọ́kọ́ yà sí ni ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúnkún ló ń dun ọmọ mi, àyà rẹ̀ ni wọ́n ní ká lọ ṣe sikáànù sí. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ gba owó wa ni.

Ibi tí eegun ti ń gùn ni àìsàn yìí fẹ́ràn jù: ìsàlẹ̀ eegun itan, òkè ojúgun, àti òkè apá lẹ́bàá èjìká. Ẹ rí i pé méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pàdé lójú orúnkún. Àsìkò tí eegun ń sáré gùn ló sì sáábà máa ń dé, láàárín ọmọ ọdún 10 sí 20. Ohun tó ń tàn wá jẹ nìyẹn. Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ni, orúnkún bọ́ọ̀lù sì ni. Kò sí ọmọkùnrin ọlọ́dún 15 kan ní Òṣogbo tí kò ní lè sọ ọjọ́ tí wọ́n ta á lẹ́sẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ìṣubú kì í fa jẹjẹrẹ eegun. Ó kàn ń jẹ́ ká bojú wo ibẹ̀ ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Kánádà kan wà, Terry Fox lorúkọ rẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 1976, mọ́tò rẹ̀ kọlu mọ́tò mìíràn, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì fara pa díẹ̀. Nígbà tí orúnkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó gbà pé jàǹbá yẹn ni, ó ń fara dà á kí ó lè gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rẹ̀ parí. Lóṣù kẹta ọdún 1977 ni wọ́n tó rí i pé osteosarcoma ni, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orúnkún. Bí ará Kánádà tí ilé ìwòsàn kò jìnnà sí bá lè rò bẹ́ẹ̀, kí ni kí n wá máa bá ara mi jà sí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní tirẹ̀ kò gbà pé bọ́ọ̀lù ni, kò sì gbà pé jẹjẹrẹ ni. Ó ní àsasí ni, pé ẹni tó ń jowú ọmọ yìí ló sa nǹkan sí ojú ọ̀nà pápá. N kò bá a jiyàn lọ títí, torí mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ dókítà kan sọ ohun kan fún mi tí mo fi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù méjì. Ó ní lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí osteosarcoma yìí kan náà lára eegun ẹsẹ̀ ẹranko ayé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Centrosaurus, èyí tó gbé ilẹ̀ Kánádà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 76 sẹ́yìn. Ènìyàn kò tíì sí láyé nígbà náà. Mo bi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé, ta wá ló sa tiẹ̀ sí i?

Oríṣi mìíràn wà. Ewing sarcoma ń mú àwọn ọmọdé náà, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ó lè wà ní àárín eegun gígùn, ní eegun ìdí tàbí eegun ìhà, ó sì lè mú ibà dání débi tí wọ́n á fi rò pé eegun ló gba kòkòrò. Chondrosarcoma ń ti inú kérékéré wá, àgbàlagbà ló sì ń mú jù. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń fi wò ó, torí oògùn jẹjẹrẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ọmọ tó ní arọmọléegun náà lè ní kòkòrò nínú eegun tí gbogbo rẹ̀ á wú tí á gbóná bíi ti ọmọ mi. Kò sí ọwọ́ tó lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ì báà jẹ́ ọwọ́ dókítà. Fọ́tò ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ àwọn àgbà díẹ̀, torí ẹ̀yin náà ni wọ́n ń gbé ẹ̀yìn wọn wá bá. Jẹjẹrẹ tó pọ̀ jù nínú eegun àgbàlagbà kì í ṣe èyí tí eegun fúnra rẹ̀ bí. Ó ti ibòmíràn wá: láti ọmú obìnrin, láti próstéètì ọkùnrin, láti ẹ̀dọ̀fóró tàbí kíndìnrín. Òmíràn wà tó jẹ́ pé inú mùdùnmúdùn ló ti ń ṣẹ̀, wọ́n ń pè é ní myeloma; òun a máa jẹ eegun níhò níhò, ẹ̀jẹ̀ á sì gbẹ lára ẹni náà. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ẹ̀yìn ń dùn ún lóṣooṣù, tí kò sinmi kódà nígbà tó dùbúlẹ̀, tó ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń rù: ẹ má sáré pe ìyẹn ní làkúrègbé. Ìyá tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọmú fún rí, tí ìbàdí rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹ má gùn ún lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tí kò lè mọ ìgbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn, kó má di ọ̀la, torí okùn inú ọpa ẹ̀yìn ni nǹkan ń tẹ̀, bó bá sì pẹ́ jù, ẹsẹ̀ yẹn lè má dìde mọ́.

Mo padà sórí ọmọ mi.

Ìbẹ̀rù tó ń lé èèyàn kúrò ní ilé ìwòsàn wá sọ́dọ̀ yín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: wọ́n á gé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àwọn kan nínú yín sì ń fi í polówó: "Àwa kì í gé ẹsẹ̀." Òótọ́ ni, ẹ kì í gé e. Àmọ́ mo ti wá mọ̀ báyìí pé kì í ṣe abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ lára kókó náà, kí wọ́n lè mọ orúkọ rẹ̀ dájú. Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá gan-an ló yẹ kó yan ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà wọlé, torí nígbà iṣẹ́ abẹ, ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ yẹn náà ni wọ́n máa gé kúrò. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé bí irin bá kan jẹjẹrẹ, á fọ́n ká. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá bi mí padà: gbẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n sín sórí rẹ̀ ńkọ́?

Oògùn ló kàn, kẹmó tí wọ́n ń fà sí iṣan. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ fún osteosarcoma: methotrexate, doxorubicin àti cisplatin. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló lè fún èèyàn ní methotrexate bí wọ́n ṣe ń lò ó fún eegun, torí ó pọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa wọn iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n sì fún un ní oògùn mìíràn tó ń pa agbára rẹ̀. Méjì yòókù ni ọmọ mi gbà. Doxorubicin pupa bíi zobo. Bí nọ́ọ̀sì bá ti gbé e dé, ọmọ mi á ní, "Wọ́n ti gbé zobo mi dé o." Ìtọ̀ rẹ̀ náà á pupa lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí wọn kò bá sọ fún á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Kí wọ́n tó fún un, wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, torí oògùn náà lè ba ọkàn jẹ́. Cisplatin ń yọ kíndìnrín àti etí lẹ́nu. Irun rẹ̀ re dànù, títí dé irun ojú. Ó ń bì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì ní bí ara rẹ̀ bá gbóná pẹ́nrẹ́n, kódà kó jẹ́ aago méjì òru, ká gbé e wá.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: láàárín àkókò yẹn, ẹnì kan láàárín ẹbí gbé àgbo wá fún un, pé á fọ oró oògùn kúrò. Mo dà á sí gọ́tà. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ tó ń bá oògùn líle wọ̀yá ìjà kò ní agbára fún àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí ọmọ tó ń gba kẹmó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má mu nǹkan kan tí dókítà rẹ̀ kò mọ̀ sí.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n sáábà máa fi ń fún ni ní oògùn kí abẹ tó dé, lẹ́yìn abẹ wọ́n á tún tẹ̀ síwájú fún oṣù mélòó kan. Oríṣiríṣi ni abẹ náà. Bí wọ́n bá tètè rí i, tí kókó náà kò tíì yí iṣan ńlá ká, tí eegun kò sì tíì dá, wọ́n lè gé ibi tó bàjẹ́ nìkan kúrò lára eegun, kí wọ́n fi irin tàbí eegun mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹsẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó tètè dé ni ẹsẹ̀ wọn ń ṣẹ́kù. Èmi sáré títí kí wọ́n má baà gé e, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi sáré yẹn ló wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n gé e.

Ìpàdé ẹbí wáyé nílé wa lọ́jọ́ tí arugbá ń lọ sódò Ọ̀ṣun. Ìlù ń dún, àlejò kún ìgboro, a ti ìlẹ̀kùn pa. Ẹnì kan ní kò sí ẹni tó ń rìn lẹ́sẹ̀ kan nínú ìdílé àwọn. Òmíràn ní ta ló máa fẹ́ ọmọ fún un. Bàbá ọkọ mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń fi ọwọ́ pa fìlà rẹ̀ lórí itan. Ọmọ náà wà nínú yàrá, a rò pé ó sùn. Ó pariwo láti inú ibẹ̀ pé, "Bí wọ́n bá gé e, ṣé á tún máa ta mí lóru?" Bàbá ọkọ mi dìde, ó ní ká lọ fọwọ́ sí ìwé.

Wọ́n gé e lókè ibi tí kókó náà wà. Ó ta á lóru fún ìgbà díẹ̀ sí i, lọ́nà tí n kò rí rí. "Mọ́mì, ẹ bá mi yún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì." Ẹsẹ̀ òsì tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ọpọlọ kò tíì gbà pé ó ti lọ, pé ó wọ́pọ̀, wọ́n sì fún un lóògùn. Lóru ọjọ́ kan, mo na ọwọ́ sí ibi tí àtàǹpàkò yẹn ìbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo yún bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ẹ ṣeun. Ó sùn.

Ó ti ń rìn báyìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe nítòsí Ọláìyá. Wọ́n ń ya fọ́tò àyà rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, gbogbo oṣù kẹta náà ni n kò ń sùn fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó pé. Bí nǹkan bá yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n ní wọ́n ṣì lè ṣe iṣẹ́ abẹ yọ ọ́ nígbà mìíràn. N kò fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Mo ti sọ ti Terry Fox. Lọ́dún 1980, ó fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré kọjá ìlú dé ìlú ní Kánádà fún ọjọ́ 143, kìlómítà 5,373, láti kó owó jọ fún ìwádìí jẹjẹrẹ, kí ó tó di pé àìsàn náà dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kú lóṣù kẹfà ọdún 1981, ọmọ ọdún 22. Ìtọ́jú ti yàtọ̀ sí ti ìgbà ayé rẹ̀. Kí oògùn wọ̀nyí tó dé ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, bí wọ́n tilẹ̀ gé ẹsẹ̀, kò tó ẹni 2 nínú 10 tó ń yè é. Níbi tí gbogbo ìtọ́jú ti pé lónìí, bí kò bá tíì dé ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n rí i, nǹkan bíi 6 sí 7 nínú 10 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Bó bá ti dé ibẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀, ó ń já sí 2 tàbí 3. Iye tó wà láàárín 7 àti 2 yẹn, àkókò la fi ń rà á, ìlẹ̀kùn yín sì ni ọ̀pọ̀ nínú àkókò náà ń gbà kọjá.

Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ ti ilé yín pa. Ẹni tó bọ́ látorí ọ̀kadà yóò ṣì máa wá, ó sì di dandan kí ẹ dá a lóhùn. Orúnkún kan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ tí kò ṣubú, tàbí tó ṣubú díẹ̀ tó yẹ kó ti san. Tí ìrora rẹ̀ ń jí i lóru. Tí wíwú rẹ̀ ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ibẹ̀ gbóná, tó le, tí iṣan ń là lórí rẹ̀. Tàbí tí eegun rẹ̀ dá níbi tí kò yẹ kí eegun dá. Ẹ má fà á, ẹ má pa á, ẹ má sín in, ẹ má dì í. Ẹ ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò, kí wọ́n sì gbé fíìmù náà fún dókítà eegun. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni UNIOSUN wà láàárín ìlú níbí. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ibẹ̀ lọ, Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà, UCH wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn eegun Igbobi sì wà ní Èkó. Tí ó bá jẹ́ pé nǹkan kékeré ni, ẹni náà á padà wá bá yín, á sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé bàbá yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, bí mo bá lé oníbàárà lọ, kí ni mà á jẹ. Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò ní fi òwe dá a lóhùn. Èmi náà ń jẹun lára oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé léèsì wá tí mo mọ̀ pé ọwọ́ mi á bà á jẹ́, mo máa ń júwe ẹni tó mọ̀ ọ́n rán fún un, kò sì tíì sí èyí tí kò padà wá pẹ̀lú aṣọ mìíràn.

Fíìmù ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi, nínú àpòòwé ńlá tí wọ́n fún wa, ó sì ti gbà pé kí n máa fi í han èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú yín, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tàbí kó ránṣẹ́, mà á gbé e wá síbi tí ẹ bá ti ń pàdé, a ó sì gbé e sójú fèrèsé. Mo tún ra téèpù ìránṣọ méjìlá. Ọ̀kan ọ̀kan ni fún ẹnikẹ́ni tó bá wá. Ẹ fi wọn orúnkún méjèèjì lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ dé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ti fi bírò pupa sàmì sí ibi tí 13 wà lára gbogbo wọn.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Àlékùwódò, Òṣogbo